Iṣẹ́ sọ́fítíwíà ní Ìbàdàn: kí ni kí a máa kọ́ tí iṣẹ́ náà yóò fi gbé wa dọ́jọ́ alẹ́?

Ọmọ Sáńgo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò. Láti ìgbà tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán ni mo ti ń kọ kóòdù fún ilé-iṣẹ́ kan ní Ring Road. Apá tí ojú oníbàárà ń rí nínú áàpù wa ni iṣẹ́ mi, èdè kóòdù JavaScript àti React, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ojú áàpù, ni mo sì ń lò lójoojúmọ́. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, mi ò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé kò sí ọdún tí irinṣẹ́ tuntun kì í dé. Kí ẹsẹ̀ mi tó ranlẹ̀ nínú èyí tí mo ń kọ́ lọ́wọ́, àwọn èèyàn á ti máa sọ pé ó ti di ti àtijọ́. Láti ìgbà tí ChatGPT, ẹ̀rọ tí ó lè báni kọ kóòdù, sì ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni àwọn ọ̀gá ti ń retí pé kí iṣẹ́ tí ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan parí láàárín ọjọ́ méjì.

Àwọn kan ní kí n padà sí ilé ìwé lọ gba oyè kejì. Àwọn kan ní kí n kọ́ èdè mìíràn. Àwọn mìíràn sì ní kí n tètè di máníjà kí n lè bọ́ lọ́wọ́ kóòdù kíkọ pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kí ni ẹ fi ìwọ̀nba àkókò tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ kọ́, tí ó sì ń wúlò fún yín títí di òní?

Àgbà Mókólá

Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ bọ́ sí àkókò. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, FoxPro ni a fi ń kọ ètò owó oṣù fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní agbègbè Dùgbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a bọ́ sórí Visual Basic 6 tí Microsoft gbé jáde ní ọdún 1998, ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbà pé ibẹ̀ ni a ó ti fẹ̀yìn tì. FoxPro kò ní ẹ̀dà tuntun mọ́ lẹ́yìn ẹ̀dà kẹsàn-án. Flash, irinṣẹ́ àwòrán tí ń rìn lórí ayélujára, tí owó rẹ̀ kọ́lé fún àwọn kan nígbà náà, Adobe jáwọ́ nínú rẹ̀ ní òpin ọdún 2020. AngularJS, irinṣẹ́ ojú áàpù bíi React, tí Google gbé jáde ní ọdún 2010, àtìlẹ́yìn rẹ̀ dópin bí ọdún 2021 ti ń parí lọ. React tí ò ń lò yìí náà, ọdún 2013 ni Facebook ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kò sì sí ẹni tí ó lè búra fún ọ pé òun ni a ó ṣì máa lò ní ogún ọdún sí i.

Wàyí o, wo òdìkejì rẹ̀. Èdè C tí Dennis Ritchie ṣe ní nǹkan bí ọdún 1972 ni wọ́n fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú Linux, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, Linux náà ni ó sì wà lórí ọ̀pọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ń dáni lóhùn láti ọ̀nà jíjìn, tí áàpù yín ń bá sọ̀rọ̀. Èrò tí Edgar Codd tẹ̀ jáde ní ọdún 1970 nípa bí a ṣe lè to dátà sínú àwọn àtẹ tí ó bá ara wọn tan ni SQL, èdè tí a fi ń béèrè dátà, ti yọ, agbára káká ni a sì fi lè rí báńkì tí kì í lo SQL lónìí. TCP/IP, ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ARPANET, baba íntánẹ́ẹ̀tì, lé lórí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983 náà ni ó gbé ọ̀rọ̀ tí mo ń kọ yìí wá bá ọ. Ohun tí ó wà lókè ni ó ń yára yí padà. Bí a bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ tó ni ìmọ̀ ń tọ́jọ́ tó.

Nítorí náà, má fi gbogbo àkókò rẹ lé irinṣẹ́ tuntun kiri. Mú ohun tí ò ń ṣe lójoojúmọ́, kí o sì walẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. O máa ń kọ fetch nínú JavaScript láti béèrè dátà, àbí? Ṣí Chrome, tẹ F12, lọ sí ibi tí wọ́n kọ Network sí, kí o sì tún ojú ewé náà ṣí. Ìlà kọ̀ọ̀kan tí o bá rí níbẹ̀ jẹ́ ìbéèrè kan tí ẹ̀rọ rẹ bi ẹ̀rọ mìíràn. Bí o bá tẹ ọ̀kan nínú wọn, tí o sì lọ sí Timing, o ó rí iye àkókò tí ó lọ sórí wíwá àdírẹ́sì nínú DNS, ìwé àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì, iye tí ó lọ sórí bí ẹ̀rọ méjèèjì ṣe kọ́kọ́ kí ara wọn, àti iye tí ó fi dúró de sáfà kí èsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Bí o bá lè ṣàlàyé ìlà kan ṣoṣo yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, o ti kọ́ ohun tí kò ní di àtijọ́ lójú rẹ.

Ìyá Ìbejì, Bódìjà

Mo fara mọ́ ohun tí Ẹ̀gbọ́n Mókólá sọ, mo sì fẹ́ fi kún un. Ètò ìsanwó ni ẹgbẹ́ tí mo ń darí ń kọ. Ohun kan wà tí mo máa ń bi àwọn tí ó bá fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́ nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo máa ń ní kí wọ́n ṣí Console, ibi tí a ti ń tẹ JavaScript nínú Chrome, kí wọ́n kọ 0.1 + 0.2, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí fún mi. Kì í ṣe 0.3 ni yóò jáde, 0.30000000000000004 ni. Ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ kò kọjá React á sọ pé JavaScript ni kò mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n èdè Python yóò sọ ohun kan náà, Java náà yóò sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbogbo wọn ń tẹ̀lé ìlànà IEEE 754 tí ó ti wà láti ọdún 1985. Ìlànà yìí ń fi òdo àti ení nìkan tọ́jú nọ́ńbà, ìdá kan nínú mẹ́wàá kò sì ṣeé fi òdo àti ení kọ tán, gẹ́gẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta kò ṣe ṣeé fi dẹ́símà kọ tán.

Ìdí nìyí tí a fi máa ń ka owó ní kọ́bọ̀. Bí o bá fẹ́ kí Paystack, ilé-iṣẹ́ tí ń báni gba owó lórí ayélujára, gba ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ oníbàárà, 100000 ni ìwọ yóò fi ránṣẹ́, iye kọ́bọ̀ tí ó pé, tí kò ní dẹ́símà kankan nínú. Ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ kì í ṣi owó oníbàárà kà, ì báà jẹ́ èdè tí ó jáde lánàá ni ó ń lò.

Ní ti pé kí o di máníjà kí o lè bọ́ lọ́wọ́ kóòdù, àbúrò, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é nítorí ìdí yẹn. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ wa máa ń pín sí lẹ́yìn tí èèyàn bá ti di sénìọ̀. Àwọn kan á máa darí èèyàn, àwọn kan á sì máa bá ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ, irú àwọn tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń pè ní staff engineer tàbí principal engineer. Àwọn wọ̀nyí kì í darí ẹnikẹ́ni lórí ìwé, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ẹgbẹ́ máa ń sá lọ nígbà tí nǹkan bá le. Iṣẹ́ máníjà jẹ́ iṣẹ́ mìíràn pátápátá. Àárọ̀ mi máa ń lọ sórí ìpàdé, ọ̀sán mi sórí gbígbọ́ ẹjọ́ àti yíyanjú ẹni tí yóò ṣe èwo, n ó sì máa sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ṣe dáadáa ìdí tí owó oṣù rẹ̀ kò tíì lè gòkè. Mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ràn kí n rí i pé ẹni tí ó wọlé láìmọ nǹkan kan di ẹni tí ń kọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí kò fẹ́ràn bẹ́ẹ̀ á fi ara rẹ̀ àti àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ jìyà. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké níbí kò ní ipò fún ẹni tí ó fẹ́ máa bá ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ, wọn a sì máa fi ipò máníjà san ẹ̀san fún ẹni tí ó mọ kóòdù kọ. Bí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́, béèrè bóyá wọ́n lè fi owó náà kún owó rẹ kí o sì dúró sí àyè rẹ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbà.

Ọmọ Olúyọ̀lé

Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, èmi fẹ́ yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà yín. Ìpìlẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ nìkan kò sanwó ilé. Àwọn tí ń gbani síṣẹ́ kì í béèrè Codd, React ni wọ́n ń kọ sínú ìkéde. Ẹni tí kò tíì níṣẹ́ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ ohun tí ọjà ń béèrè, kí ó kọ́ ọ débi pé ó lè fi ṣe nǹkan tí èèyàn yóò rí, kí ó sì gbé e sórí GitHub, ibi tí a ti ń fi kóòdù hàn lórí ayélujára. Ìgbà tí owó oṣù bá ti ń wọlé ni kí ó tó máa walẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Sáńgo ti níṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí náà ìmọ̀ràn yín bá a mu, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì níṣẹ́ ń ka èyí láti Agbowó àti Apẹtẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n lọ fi odidi ọdún ka ìwé nípa èdè C kí ebi tó lé wọn kúrò nínú iṣẹ́ náà.

Ohun kejì: ẹ̀yin méjèèjì kò tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ tí ń kọ kóòdù fúnra wọn. Èmi ń lò wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n sì ń bá mi dín iṣẹ́ kù gidigidi.

Àgbà Mókólá

Àbúrò, òótọ́ lo sọ nípa ẹni tí kò tíì níṣẹ́, mo gba ìyẹn wọlé.

Ní ti àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn, èmi náà ń lò wọ́n. GitHub Copilot, ọ̀kan nínú wọn, ti wà láti ọdún 2021, mi ò sì rí ìdí tí èèyàn yóò fi bá a ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ó yí padà. Tẹ́lẹ̀, kíkọ ni ó ń gba àkókò jù. Nísinsìnyí, kíkà ni. Ẹ̀rọ náà á fún ọ ní ojú ewé kóòdù tí ó dùn ún wò, tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí o dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n tí ó lè gba ọ̀rọ̀ tí oníbàárà tẹ̀ kí ó sì lẹ̀ ẹ́ tààrà mọ́ gbólóhùn SQL. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe nínú àwọn oníbàárà yẹn lè tipa bẹ́ẹ̀ ka gbogbo dátábéèsì rẹ tán. Ẹni tí kò mọ ohun tí SQL ń ṣe kò ní rí ewu náà. Orúkọ rẹ ni Git, ètò tí ń tọ́jú ìtàn kóòdù, yóò sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà, kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ. Nítorí èyí, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun kan ṣoṣo tí ó yẹ kí ó fi kún ẹ̀kọ́ rẹ̀ lónìí, kíkà kóòdù tí ẹlòmíràn kọ ni n ó sọ. Mú iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, wá àṣìṣe kan tí wọ́n ti tún ṣe nínú rẹ̀, ka bí wọ́n ṣe fa ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ilé ẹ̀kọ́ ni, kò sì gba kọ́bọ̀.

Ará Àkóbọ̀

Mo kí gbogbo yín. Láti ilé mi ní Àkóbọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ìmọ̀ kóòdù ni ó ń gbéni dé irú iṣẹ́ yìí. Òun ni ó ń múni wọlé. Ìwé kíkọ ni ó ń múni pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò sí nítòsí tí o lè lọ bá ní tábìlì rẹ̀, nítorí náà ohun tí o bá kọ ni ó máa ń rí. Bí o bá tún nǹkan ṣe, o gbọ́dọ̀ lè kọ ohun tí ó bàjẹ́, ìdí tí ó fi bàjẹ́, ọ̀nà tí o rò tí o kò sì gbà, àti bí ẹlòmíràn ṣe lè dán an wò. Mo ti rí àwọn tí kóòdù wọn mọ́ ju tèmi lọ, tí wọn kò pẹ́ níbẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí ó lóye ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ní ti aago, Jámánì rọrùn fún wa. Nàìjíríà kì í yí aago padà, nítorí náà aago wa àti tiwọn dọ́gba ní ìgbà òtútù wọn, wọn a sì fi wákàtí kan ṣáájú wa ní ìgbà ooru. New York ni ó le: wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ó wà láàárín wa, ìpàdé ọ̀sán wọn sì ni alẹ́ tiwa. Ẹ rò ó kí ẹ tó gba iṣẹ́, ní pàtàkì ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ wẹ́wẹ́.

Iná mọ̀nàmọ́ná ńkọ́? Owó àkọ́kọ́ tí ó bá tó nǹkan tí iṣẹ́ yìí bá fún yín, ẹ fi ra sólà àti bátìrì kí ẹ tó ra fóònù tuntun. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yín rọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ìwé ìtọ́sọ́nà Python ṣeé gbà sílẹ̀ lódindi, DevDocs, àkójọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún ọ̀pọ̀ irinṣẹ́, náà sì ṣeé kà láìsí dátà bí o bá ti tọ́jú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ rẹ tẹ́lẹ̀.

Olùkọ́ Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe, nítorí náà ọ̀rọ̀ oyè kejì ni n ó kọ́kọ́ dáhùn. Bí o bá fẹ́ ṣe ìwádìí, tàbí o fẹ́ wọ inú ẹ̀kọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ́ nǹkan fúnra rẹ̀, èyí tí ó gba ìṣirò tó jinlẹ̀, oyè kejì á wúlò fún ọ púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí kí irinṣẹ́ tuntun má baà fi ọ́ sílẹ̀ ni, má lọ; ètò ẹ̀kọ́ yunifásítì kì í sáré bá irinṣẹ́, kò sì yẹ kí ó sáré bá a. Harvard ti ṣí CS50, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀, sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, MIT náà sì ti ń kó àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí ayélujára fún gbogbo ayé láti nǹkan bí ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó ṣòro níbẹ̀ ni kí èèyàn parí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ẹnì kejì tí ẹ ó jọ máa kọ́ ọ, kí ẹ máa pàdé lọ́jọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, kí oníkálukú sì ṣàlàyé ohun tí ó ti kà.

Mo tún fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ SIWES. Láti ọdún 1973 ni ìjọba ti gbé ètò yìí kalẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ fojú rí iṣẹ́ kí wọ́n tó jáde, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n kàn ń rán wọn lọ ra oúnjẹ ni. Ẹ gba ọ̀kan nínú wọn mọ́ra. Bí ọmọ náà bá bi yín pé kí ló dé tí a fi ń lo èyí, tí ẹ kò sì rí ìdáhùn tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ yín fún ọ̀sẹ̀ yẹn wà. Télọ̀ tí ó bá ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ lè fi ohun tí ó kọ́ jẹun títí ayé. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, kò sí ọjọ́ tí a ń gba òmìnira nínú iṣẹ́ yìí, ó sì dára kí ọmọ kékeré tètè gbọ́ ọ kí ó má baà rò pé òun nìkan ni kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Sáńgo

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti pa ọ̀rọ̀ oyè kejì tì fún ìgbà yìí, mo sì ti bá ọ̀rẹ́ mi kan ní Sámọ́ńdà sọ̀rọ̀ pé kí a jọ bẹ̀rẹ̀ CS50.

Mo tún ṣe ohun tí Ẹ̀gbọ́n Mókólá sọ. Ojú ewé kan wà nínú áàpù wa tí ó máa ń pẹ́ kí ó tó ṣí, ibi tí a ti ń fi nọ́ńbà fóònù wá oníbàárà. Nínú Network, mo rí i pé dídúró de sáfà ni ó ń jẹ gbogbo àkókò náà, kì í ṣe React. Mo bá tọ ẹni tí ń ṣe ìdí sáfà lọ, a sì jọ gbé EXPLAIN ANALYZE, àṣẹ tí ń fi hàn bí dátábéèsì ṣe wá ìdáhùn, síwájú gbólóhùn SQL náà nínú PostgreSQL, dátábéèsì wa. Ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni Seq Scan, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ń ka gbogbo ìlà àwọn oníbàárà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ó tó rí ẹnì kan ṣoṣo. A fi índẹ́ẹ̀sì, atọ́ka tí ń jẹ́ kí a tètè rí ìlà, sí òpó nọ́ńbà fóònù, a tún un dán wò, ó sì di Index Scan. Ojú ewé náà ń ṣí lójú ẹsẹ̀ báyìí. Ìbéèrè tí ó kù fún mi ni èyí: bí índẹ́ẹ̀sì bá dára tó báyìí, kí ló dé tí a kò kúkú fi sí gbogbo òpó tí ó wà nínú àtẹ náà?

Ìyá Ìbejì, Bódìjà

O káre láé. Ìdí tí a kì í fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé gbogbo índẹ́ẹ̀sì ni dátábéèsì gbọ́dọ̀ tún tò nígbàkúùgbà tí ìlà tuntun bá wọlé, tàbí tí ohun tí ó wà nínú òpó náà bá yí padà. Bí o bá fi sí òpó mẹ́wàá, kíkọ ìlà kan ṣoṣo á di kíkọ sí ọ̀nà mọ́kànlá, wọn a sì tún máa gba àyè lórí dísìkì. Ibi tí ẹ bá ti ń wá nǹkan lemọ́lemọ́ ni kí ẹ fi sí, ìyẹn àwọn òpó tí ó máa ń hàn lẹ́yìn WHERE nínú gbólóhùn SQL àti èyí tí ẹ fi ń so àtẹ méjì pọ̀. Òpó tí ìdáhùn rẹ̀ kò ju méjì lọ, bíi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kì í sábà jèrè índẹ́ẹ̀sì, nítorí pé bí ìdajì àtẹ bá bá ìbéèrè mu, PostgreSQL á kúkú ka gbogbo rẹ̀. Kí ẹ tó fi èyí tí ó kàn sí, ẹ tún gbé EXPLAIN ANALYZE síwájú gbólóhùn náà, kí ẹ fi àkókò ti tẹ́lẹ̀ wé ti ìsinsìnyí lórí dátà tí ó tó ti gidi ní pípọ̀, nítorí pé lórí àtẹ tí ó ní ọgọ́rùn-ún ìlà, kò sí ìyàtọ̀ tí ẹ ó rí.